Àlàfo Oṣù Ògún

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti èṣí ni mo ya ebè náà sí,
pẹ́ńsù lọ́wọ́, awò lójú,
bí mo ṣe máa ń ya àtẹ ìwọ̀n ọmọ jòjòló
nígbà tí mo ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí Ògèrè.
Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀,
láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí dírọ́ọ̀mù omi òjò.

Ọmọ mi kì í mọ oṣù tí yóò wálé.
Orí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fa epo,
ó ń se oúnjẹ fún ọgọ́rin ọkùnrin.
Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kó lọ ló ń lọ.
Èṣí, oṣù Èrèlé ló dé. Eruku ló kí i káàbọ̀.
Ó wo iwájú ilé, ó ní, "Màmá, ibí yìí mà gbẹ o."
Kò bínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka pátákó ojú títì.

Ni mo bá ń pín ọdún bí ẹni ń pín ẹran Iléyá,
kí oṣù kankan má lọ lọ́wọ́ òfo.

Òjò àkọ́rọ̀: ìsórà pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.
Òjò ńlá: ìdò. Ẹ̀yìn ni kó dúró,
ó ga, kò sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.
Tẹ̀tẹ̀ẹ̀gún níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà,
n kò ná kọ́bọ̀ lé e, etí odò ni mo ti bẹ́ ẹ.
Ọ̀gbẹlẹ̀: bugẹnfílíà lára wáyà.
Òùngbẹ ni ẹwà tirẹ̀; bí o bá kẹ́ ẹ jù, ewé lásán ni yóò fi san oore.
Ọyẹ́: àbámodá, tí ń gbé fìtílà wẹ́wẹ́ kọ́rùn
nígbà tí ètè gbogbo wa ń là;
àti pẹ̀rẹ̀gún ní igun, tí ń ta sánsán lóru,
kó bá èéfín dísù àwọn tírélà du imú wa.

Ṣódípẹ̀ ń kọjá, ó dúró.
"Nọ́ọ̀sì, ṣé òdòdó lẹ ó jẹ ni? Ilẹ̀ yìí gba ẹ̀gẹ́!"
Mo ní gààrí wà lọ́jà.

Oṣù Ògún nìkan ló kọ̀ tí kò gba ìmọ̀ràn.
Òjò á dáwọ́ dúró, oòrùn kò ní jáde,
ojú ọ̀run á rí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi rọ́bà pa á rẹ́.
Ọmọ tí ń ta irúgbìn ní bèbè títì mi orí:
"Màmá, oṣù kan péré. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ sinmi."
N kò jẹ́. Mo ṣa wóró tannáposó lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
dúdú, kéékèèké, mo tì wọ́n sí àlàfo náà.

Oṣù wo ló wá dé?
Oṣù Ògún ni. Ọ̀sán gangan.
Ìdò ti wọ́wé, tannáposó pa ẹnu dé bí agboòrùn.
Ṣùbọ̀mí mu omi, ó ní ìrọ̀lẹ́ yìí lòún ń padà.
N kò fèsì. Mo mú ewùrà, mo ń rin ín fún ìkọ́kọrẹ́,
mo ń rin ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni tí kò fẹ́ kí iṣu ọwọ́ rẹ̀ tán.

Òjìji dírọ́ọ̀mù dé ẹnu ọ̀nà.
Ọ̀kan là. Òmíràn là, aláwọ̀ yẹ́lò.
"Ṣùbọ̀mí, bọ́ síta."
Ó jáde tòun ti báàgì léjìká, ó wò, ó dákẹ́,
ó gbé báàgì kalẹ̀.
Orí àbámodá ló gbé e lé. Mo gbọ́ tí igi rẹ̀ ṣẹ́.

N kò sọ nǹkan kan.
Àbámodá ni. Ewé tó já yẹn á hù.